Ìdí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fi Lè Pín Ẹgbàá Ó Dín Kan Dọ́gba

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn òǹkà ṣì ń gbé inú ìlú tiwọn, tí wọ́n ń roko, tí wọ́n ń fẹ́ ìyàwó, tí wọ́n sì ń jà lórí ààlà ilẹ̀, kò sí òǹkà kankan tí wọ́n ń fi ohun tí kò ní pè. Ohun tí o bá ní ni orúkọ rẹ. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wà ní agboolé rẹ, Ẹ̀wá ni ọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, Ogún ni ọ́. Kò le rárá. Ìgbéraga ibẹ̀ náà kò le.

Ọ̀kẹ́ ni Baálẹ̀ ìlú náà. Ó tóbi débi pé bí ó bá fẹ́ jókòó, ó máa ń pẹ́ kí ó tó jókòó tán.

Lẹ́yìn Ọ̀kẹ́, Ẹgbàá ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù. Ẹgbàá ènìyàn ló wà ní agboolé rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn. Ení ni orúkọ ìyàwó náà. Òun nìkan ló ti ilé wọn wá, kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, nítorí náà Ení ni wọ́n ń pè é.

Ní ìlú yìí, iye orúkọ ènìyàn ni iye oko rẹ̀. Oko márùn-ún ni Àrún ní. Oko ogún ni Ogún ní. Oko kan ni Ení ní.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lóko ẹnì kan, ó lè bẹ ọ̀wẹ̀. Ó máa lọ bá baálé kan, baálé náà á kó gbogbo ará ilé rẹ̀ jáde, wọ́n á bá a ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n òfin wà níbẹ̀. Baálé kò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílé. Iye ènìyàn tó bá wọ oko kan gbọ́dọ̀ bá iye tó wọ oko kejì dọ́gba. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù tí kò rí oko wọ̀, tàbí tí ìlà kan bá fi ẹnì kan kéré, ọ̀wẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kí kálukú máa lọ sílé.

Àwọn àgbà ló ṣe òfin yìí. Wọ́n ní ó máa mú àlàáfíà wá. Ìṣirò ló mú wá.

Òfin yìí ló sọ Ẹgbàá di ẹni ńlá. Kò sí agboolé tó rọrùn láti pín bí tirẹ̀. Bí Èjì bá bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, ẹgbẹ̀rún ènìyàn á wọ oko kìíní, ẹgbẹ̀rún á wọ ìkejì. Bí Àrún bá bẹ̀ ẹ́, irínwó ló ń wọ oko kọ̀ọ̀kan. Bí Ogún bá bẹ̀ ẹ́, ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tó ń ṣẹ́ kù. Bí a bá ka gbogbo àwọn tó lè pín in dọ́gba, tí a ka òun fúnra rẹ̀ mọ́ wọn, tí a sì ka Ení mọ́ wọn, ogún ni wọ́n.

Kò sí ẹni tó máa ń ka Ení mọ́ wọn ṣá.

Àwọn tó kù fẹ́ràn Ẹgbàá gan-an. Ìfẹ́ náà máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ebè bá tó kọ. Bí ìkórè bá parí, ìfẹ́ náà á sinmi díẹ̀, kó má baà rẹ̀ ẹ́. Ogún ló fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ, nítorí oko ogún kì í ṣe kékeré.

Àwọn kan wà tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀ta kò lè pín in, Èje náà kò lè pín in. Àwọn wọ̀nyí máa ń sọ káàkiri ìlú pé Ẹgbàá jẹ́ agbéraga ènìyàn.

Ẹ̀pà ni Ení gbìn sí oko rẹ̀ kan ṣoṣo náà. Oko náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Kò jìnnà, kò sì tóbi. Koríko ti ń bò ó.

“Baálé mi,” ni Ení wí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, “ìgbà wo ni ọ̀wẹ̀ máa kan oko tèmi?”

“Ti Àrún la máa ṣe lọ́la,” ni Ẹgbàá dáhùn.

“Mo mọ̀. Èmi ni mo ń se oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ti Àrún ńkọ́?”

“Ti Ogójì ni.”

“Lẹ́yìn ti Ogójì?”

“Ení, oko kan ṣoṣo ni o ní. Oko kan kò lè sá lọ.”

“Koríko ibẹ̀ náà kò sá lọ,” ni Ení wí. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó kọjá sí ẹ̀yìn ilé.

Òun ló máa ń dé oko ọ̀wẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí òun ló ń se oúnjẹ tí gbogbo wọn máa jẹ. Bí ó bá dé, ìparí ìlà tó gbẹ̀yìn ló máa ń dúró sí. Ìgbà náà ni ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á kà wọ́n, á ní, “Ó pé,” á sì yin Ẹgbàá.

Nígbà tó di ọdún kejì, Ení tún béèrè. Lọ́jọ́ náà, Ogún wà nílé wọn, ó ń jẹun.

“Ìyàwó wa,” ni Ogún wí, “ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ gidi ṣáájú ná. Oko kan? Ta ló ń ka ẹyọ kan sí nǹkan?”

“Ibo ni ẹ̀yin ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ ka ara yín dé ogún?” ni Ení bi í.

Ogún rẹ́rìn-ín bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. “Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín mà mọ ọ̀rọ̀ sọ o.”

“Ó mọ ọbẹ̀ sè jù bẹ́ẹ̀ lọ,” ni Ẹgbàá wí.

Ó rò pé òun ti yìn ín. Ogún gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì tún bu ọbẹ̀ sí i.

Ọdún kẹta lọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbàá kọ́ ilé oko tuntun fún Ogójì, ó ro oko Ẹ̀jọ, ó kọ ebè fún Ẹ̀wá lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé Ẹ̀wá kò fẹ́ràn bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí. Ní oko Ení, a kò rí ẹ̀pà mọ́ àfi tí a bá fi ọwọ́ wá a.

Ní ọdún kẹrin, ibà mú Ení. Ó mú un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ọ̀wẹ̀ Ogún, kò tètè dìde.

“Baálé mi, mo fẹ́ sinmi lónìí.”

Ẹgbàá ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. “Tí o bá dúró sílé, ìlà tó gbẹ̀yìn máa fi ẹnì kan kéré. Ọ̀wẹ̀ Ogún máa bàjẹ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣe sùúrù fún mi lónìí nìkan. Tí a bá ti ibẹ̀ dé, oko tìrẹ ló kàn. Mo ti sọ ọ́.”

“Ẹ ti sọ ọ́ rí.”

“Ti òní yàtọ̀.”

Kò yàtọ̀. Ení gbájá mọ́ ìdí, ó mú ọkọ́, ó tẹ̀ lé wọn. Ó dúró sí ìparí ìlà tó gbẹ̀yìn, ní oko ogún Ogún. Ogún kà wọ́n, ó ní, “Ó pé.” Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Ení jókòó sábẹ́ igi ìṣin kan. Wọ́n pè é kó wá mu omi. Kò dáhùn. Wọ́n tún pè é. Ẹgbàá fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

Ogún náà sún mọ́ ibẹ̀. Ó wò ó títí, ó mi orí. “Èyí dùn mí o,” ni ó wí. “Ọpẹ́ ni pé ebè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.”

Gbogbo ìlú wá bá Ẹgbàá kẹ́dùn. Wọ́n ní, “Ẹ kú ara fẹ́ra kù.” Wọ́n ní, “Ẹ̀yìn rẹ̀ á dára.” Wọ́n sunkún gidigidi títí wọ́n fi gbé iyán dé. Ìgbà náà ni wọ́n nu ojú, wọ́n fọ ọwọ́. Ọbẹ̀ ọjọ́ náà kò dùn tó bó ṣe máa ń dùn, wọ́n sì sọ ọ́.

“Ẹ mú ọkàn le, ẹ̀gbọ́n,” ni Ogún wí. “Ẹgbàá ènìyàn ló wà nílé yìí. Ẹnì kan ló lọ. Tí a bá rò ó dáadáa, ohun tó lọ kò tó nǹkan.”

Ẹgbàá wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ láti ọdún mẹ́rin nìyẹn. Kò dún báyìí létí rẹ̀ nígbà tí òun ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Èjì wá bẹ ọ̀wẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé òun kò mọ̀ pé ilé ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n òjò kò mọ̀.

Ẹgbàá kó ará ilé rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ oko kìíní. Ní oko kejì, wọ́n to ìlà, ìlà náà fi ẹnì kan kéré. Àyè kan ṣófo ní ìparí rẹ̀.

“Ẹ sún mọ́ra,” ni Èjì wí.

Wọ́n sún mọ́ra. Àyè náà ṣì ṣófo. Ọ̀wẹ̀ bàjẹ́, wọ́n lọ sílé.

Lẹ́yìn èyí ni Àrún bẹ ọ̀wẹ̀. Oko mẹ́rin kún, irínwó-irínwó. Oko karùn-ún fi ẹnì kan kéré. Ogójì dán an wò, oko ogójì rẹ̀ fi ẹnì kan kéré. Ogún dán an wò. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tilẹ̀ fi ọ̀pá tọ́ wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó gbẹ̀yìn fi ẹnì kan kéré.

Bákan náà ló rí fún gbogbo àwọn tó ti ń pín in dọ́gba tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tí àyè méjì ṣófo níbẹ̀. Kò sí èyí tó pé. Ẹnì kan ni gbogbo wọn ń wá, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń wá a.

Ẹgbàá ń wo àyè yìí lójoojúmọ́. Ó wá yé e pé gbogbo ọ̀wẹ̀ tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ yin òun, Ení ló ń jẹ́ kó pé. Ó pẹ́ kó tó yé e. Ẹni tó ní ènìyàn púpọ̀ kì í tètè ní òye.

“Ihò lásán ni, ẹ̀gbọ́n,” ni Ogún wí. “Ihò sì ṣeé dí. Mo ní ìbátan kan tó jẹ́ opó. Obìnrin gidi ni. Ó lè dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.”

“Ṣé ó mọ Ení?”

“Kí ló fẹ́ mọ Ení fún? Ìlà ló fẹ́ wá tò sí.”

Ní ọjọ́ kejì, Ẹ̀ta wá. Kò wọ ilé yìí rí. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun ní ìtìjú.

“Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo ní ìmọ̀ràn kan, kò sì le.”

“Sọ ọ́.”

“Mo ti kà yín láti ẹ̀yìn ọgbà. Tí ẹ bá wọ oko mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, ẹnì kan péré ló máa ṣẹ́ kù. Ẹ má dí ihò yẹn rárá. Ẹ lé ẹnì kan sí i jáde. Èmi, Ẹ̀fà àti Ẹ̀sán máa di ọ̀rẹ́ yín títí ayé.”

“Ẹnì kan sí i.”

“Ẹnì kan péré. Ṣé ẹ ò ní ẹnì kan nílé tí ẹ kò fẹ́ràn púpọ̀?”

“Mo ní,” ni Ẹgbàá wí.

“Ta ni?”

“Èmi.”

Ẹ̀ta rò ó fún ìgbà díẹ̀. “Ìyẹn náà máa pé,” ni ó wí.

Ó dúró díẹ̀ bóyá Ẹgbàá á dìde. Nígbà tí kò dìde, ó lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́. Bí Ọ̀kẹ́ bá ń ka àwọn ènìyàn tirẹ̀, agboolé Ẹgbàá wà lára ohun tó ń kà. Ó ránṣẹ́ pe Ẹgbàá.

“Mo gbọ́ pé o fi ẹnì kan kéré,” ni Ọ̀kẹ́ wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀.”

“Ṣé o mọ̀ pé tí ìwọ bá fi ẹnì kan kéré, èmi náà fi ẹnì kan kéré? Mo ka ara mi lẹ́ẹ̀mejì lánàá. N kò lè jẹun alẹ́.”

“Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Baálẹ̀,” ni Ẹgbàá wí.

Ọ̀kẹ́ kò mọ̀ bóyá èébú ni tàbí ìkíni. Ó pinnu pé ìkíni ni, nítorí pé ó sanra ju kó máa dìde bínú lọ.

“Ìbátan Ogún wà lẹ́nu ọ̀nà,” ni ó wí. “Mú un lọ sílé. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fún ọ. Tí o kò bá pé títí ọjọ́ karùn-ún, orúkọ Ẹgbàá bọ́ lára rẹ. Ilẹ̀ iwájú ààfin tí mo fún ọ, mo gbà á. Mo máa wá ẹlòmíràn tó pé, òun ni mo máa fi jẹ Ẹgbàá.”

“Mo gbọ́.”

“Ṣé o mọ ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ?”

“Mo ti kà á, Baálẹ̀.”

Obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, ó dúró. Kò sí ohun tó burú lára rẹ̀. Àárẹ̀ ló mú un.

“Ìyá, ta ló ní kí ẹ wá?” ni Ẹgbàá bi í.

“Ogún ni. Ó ní ẹ ń wá ẹni tó máa bá yín dúró síbì kan.”

“Láti ìgbà wo lẹ ti wà lórí ìdúró níbí?”

“Láti àárọ̀.”

“Ẹ máa lọ sílé yín,” ni Ẹgbàá wí. “Tí ẹ bá délé, ẹ jókòó. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dìde, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ jókòó.”

Obìnrin náà wò ó dáadáa, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tí Ogún gbọ́, inú bí i. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdánù orúkọ, pàápàá nígbà tí ó ṣì ku oko mẹ́fà tí kò tíì ro. Ó ní bóyá a lè rí òǹkà mìíràn tó máa lè pín Ẹgbàá bó ṣe wà yìí. Bí a bá rí ẹyọ kan, wọ́n á bẹ Baálẹ̀ kó fi orúkọ sílẹ̀ fún un. Ọ̀kẹ́ gbà, ó ní kí ìránṣẹ́ òun lọ máa wò wọ́n.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, àwọn òǹkà ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń to ará ilé Ẹgbàá sí ìlà bí ẹni tó ń to igi ìdáná. Èje to wọ́n, ènìyàn mẹ́rin ṣẹ́ kù. Ọ̀kànlá to wọ́n, mẹ́jọ ṣẹ́ kù. Ẹ̀tàlá to wọ́n, mẹ́wàá ṣẹ́ kù, ó sì ní àwọn mẹ́wàá náà ló ya aláìgbọ́ràn.

Wọ́n dán an wò títí dé orí ogójì ó lé mẹ́rin, wọ́n dúró. Ìránṣẹ́ Ọ̀kẹ́ ní kò sí ìdí láti kọjá ibẹ̀. Ó ní bí ẹni tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ bá lè pín in, iye ènìyàn tó máa wọ oko rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kéré sí ogójì ó lé márùn-ún, òǹkà kékeré yẹn náà á sì ti lè pín in. A ti rí gbogbo àwọn kékeré. Wọ́n ti kùnà.

Ọjọ́ karùn-ún pé. Gbogbo wọn péjọ sí iwájú ilé Ẹgbàá.

“Ẹ̀gbọ́n, a ti ṣe gbogbo ohun tí a lè ṣe,” ni Ogún wí. “Ẹ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. N kò sọ ọ́ láti bà yín nínú jẹ́.”

“Ó ku ẹnì kan tí ẹ kò dán wò,” ni Ẹgbàá wí.

“Ta ni?”

“Ení.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. “Ení ti kú, ẹ̀gbọ́n,” ni Ogún wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

“Oko rẹ̀ kò kú.”

Ẹgbàá gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ó yíjú sí ará ilé rẹ̀, ó ní, “Ó yá.” Gbogbo wọn tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ odò. Ìránṣẹ́ Ọ̀kẹ́ náà tẹ̀ lé wọn, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Oko kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn wọ inú rẹ̀. Wọ́n fún mọ́ra, ẹsẹ̀ ń gun ẹsẹ̀, àwọn kan kò rí àyè láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ inú rẹ̀. Ìránṣẹ́ Ọ̀kẹ́ yí oko náà ká. Ó wá ẹni tó ṣẹ́ kù síta, kò rí. Ó wá oko mìíràn tí ìlà rẹ̀ lè fi ẹnì kan kéré, kò sí oko mìíràn.

“Ó pé,” ni ó wí. Ó dà bí ẹni pé ó yà á lẹ́nu.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tu ìwọ̀nba koríko tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn mìíràn kò rí ju ẹyọ méjì tu. Kí iṣu tó jinná lórí iná, oko ti mọ́. Ẹ̀pà tó kù níbẹ̀ kò ju igbá kan lọ.

Ọ̀wẹ̀ tí Ení ti ń béèrè láti ọdún mẹ́rin nìyẹn.

Ẹgbàá dúró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ọkọ́ náà kò tíì kan ilẹ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ń wá koríko.

“Ṣé ó ti tán ni?” ni ó béèrè.

“Ó ti tán, Bàbá,” ni ará ilé rẹ̀ dáhùn.

“Ẹ tún wò ó.”

Wọ́n tún wò ó. Ó ti tán. Ó wù ú kí iṣẹ́ náà le díẹ̀ sí i. Kò le.

Ọ̀kẹ́ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní oko òkú kì í ṣe oko tí òun ń wí. Ó gba ilẹ̀ iwájú ààfin. Ó mú ọkùnrin kan wá láti òdìkejì odò, tí ará ilé rẹ̀ pé ẹgbàá géérégé, ó fi í jẹ Ẹgbàá. Kí ọkùnrin náà tó gbá ilé tuntun rẹ̀ tán, Ogún ti dé ibẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ìránṣẹ́ Ọ̀kẹ́ padà lọ bá baálé tí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Baálẹ̀ ní kí n béèrè orúkọ tí ẹ máa jẹ́ báyìí.”

“Ẹgbàá ó dín kan.”

“Bàbá, orúkọ wo nìyẹn? Ohun tí ènìyàn bá ní la fi ń pè é.”

“Òun ni mo ní,” ni ó dáhùn.

Ìránṣẹ́ náà lọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi wu àwọn òǹkà mìíràn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní ogún ó dín kan, ọgbọ̀n ó dín méjì, igba ó dín mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pàdánù ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn rí i pé ó bá ìgbà mu.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí òǹkà tó lè pín ẹgbàá ó dín kan dọ́gba, àfi òun fúnra rẹ̀ àti Ení. Ọmọ tó bá rò pé irọ́ ni, kó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jọ kó pé iye yẹn, kó máa tò ó ní ìlà. Kó tò ó ní méjì-méjì, kó tò ó ní méje-méje, kó tò ó bó bá ṣe wù ú. Bí ó bá to gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan ṣoṣo, ó máa pé.

Láti ọjọ́ náà náà ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pe orúkọ baálé náà ti ní láti kọ́kọ́ sọ bó ṣe pọ̀ tó nígbà kan, kó tó wá sọ pé ẹnì kan kò sí níbẹ̀ mọ́.